"Bí àgbà bá ṣubú, á wo ẹ̀yìn": kí ló túmọ̀ sí, ṣé a lè pa á fún róbọ́ọ̀tì?

Àbúrò wa kan tó ń kọ́ nípa róbọ́ọ̀tì ní yunifásítì béèrè pé òwe "Bí ọmọdé bá ṣubú á wo iwájú, bí àgbà bá ṣubú á wo ẹ̀yìn", kí ló túmọ̀ sí gan-an, ṣé ọmọdé ni wọ́n fi ń bú ni, àti pé ṣé èèyàn lè pa á fún ẹ̀rọ tó ń ṣubú. O kú ìbéèrè o, àbúrò mi.

Wo ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn. Tó bá ṣubú, iwájú ló máa kọ́kọ́ wò, ó ń wá ẹni tó máa gbé e dìde, tí ò bá rí ẹnì kankan ó lè má sunkún pàápàá, á dìde á tún sáré lọ. Kò sí èébú níbẹ̀, ọmọdé ni. Àgbà ní tiẹ̀, kó tó gbọn eruku ara ẹ̀ á ti bojú wẹ̀yìn: kí ló gbé mi ṣubú, ṣé gbòǹgbò ni àbí òkúta, àbí mi ò wolẹ̀ dáadáa ni? Àwọn kan ní ìtìjú ni, pé àgbà ń wò ó bóyá ẹnì kan rí òun. Èmi ò gbà. Ẹni tí ojú ń tì kì í dúró wo ẹ̀yìn, ṣe ló máa yára kúrò níbẹ̀. Iṣẹ́ ni wíwo ẹ̀yìn yẹn, iṣẹ́ wíwá ìdí ọ̀rọ̀, ìyẹn ni wọ́n ṣe ń pa á fún ẹni tí òwò ẹ̀ dojú dé tó sì fẹ́ sáré bẹ̀rẹ̀ òmíràn lójú ẹsẹ̀.

Ó dáa, róbọ́ọ̀tì ńkọ́? Lọ́dún 2015, ní Pomona ní California, DARPA, àjọ tó ń rí sí ìwádìí fún iléeṣẹ́ ológun Amẹ́ríkà, ṣe àṣekágbá ìdíje róbọ́ọ̀tì kan, jàǹbá iléeṣẹ́ iná átọ́míìkì ní Fukushima ní Japan lọ́dún 2011 ló jẹ́ kí wọ́n dá a sílẹ̀, kí ẹ̀rọ lè wọ ibi eléwu tí èèyàn ò lè wọ̀. DRC-Hubo, róbọ́ọ̀tì yunifásítì KAIST láti South Korea, ló gbégbá orókè. Àmọ́ ṣíṣubú ni gbogbo ayé rántí: òmíràn ṣubú lẹ́nu ilẹ̀kùn, òmíràn ń sọ̀kalẹ̀ nínú mọ́tò ló ṣubú, tí wọ́n á wà nílẹ̀ gbalaja títí èèyàn á fi wá gbé wọn. CHIMP, róbọ́ọ̀tì yunifásítì Carnegie Mellon, nìkan ló ṣubú tó dìde láìsí pé ẹnikẹ́ni gbé e. Dídìde dáa o, àmọ́ òwe wa ń béèrè ju ìyẹn lọ.

Ọdún yẹn náà ni àwọn onímọ̀ kan, Cully, Clune, Tarapore àti Mouret, gbé iṣẹ́ wọn jáde nínú Nature, ìwé ìròyìn sáyẹ́ǹsì. Róbọ́ọ̀tì ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́fà ni tiwọn, wọ́n ti jẹ́ kó fi kọ̀ǹpútà kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọ̀nà ìrìn jọ kó tó rìn rárá. Tí ẹsẹ̀ kan bá wá kán, ó máa rí i pé ìrìn òun ò yá mọ́, á padà síbi ohun tó ti mọ̀, á dán díẹ̀ wò, èyí tó bá kùnà á sọ fún un pé kó fi àwọn tó jọ ọ́ sílẹ̀. Kò tó ìṣẹ́jú méjì tó ti ń rìn padà.

Ibi tí òwe yìí ti wú mi lórí jù ni ọ̀rọ̀ ọpọlọ fúnra ẹ̀. Lọ́dún 2006, àwọn onímọ̀ ọpọlọ Foster àti Wilson ní yunifásítì MIT ní Amẹ́ríkà wo eku tó ń sáré lójú ọ̀nà tóóró. Bó ṣe ń lọ, àwọn sẹ́ẹ̀lì kan nínú ọpọlọ ẹ̀ ń jí lọ́kọ̀ọ̀kan, èyí fún ìbẹ̀rẹ̀, èyí fún àárín, èyí fún òpin. Nígbà tó dé òpin ọ̀nà náà tó dúró, àwọn sẹ́ẹ̀lì yẹn náà tún jí, láti òpin padà sí ìbẹ̀rẹ̀, kò tó ìṣẹ́jú àáyá kan. Eku náà ń wo ẹ̀yìn!

Ẹ̀rọ tí ò ní irú ẹ̀ máa ń gbàgbé burúkú. Lọ́dún 1989, àwọn olùwádìí McCloskey àti Cohen kọ́ ẹ̀rọ kan tí wọ́n ṣe lọ́nà ti ọpọlọ ní ìṣirò 1+1 títí dé 9+1, ó mọ̀ ọ́n, wọ́n wá kọ́ ọ ní ti 2, bó ṣe ń mọ ti 2 ni ti 1 ń pa rẹ́. Ìdí nìyẹn tí onímọ̀ kọ̀ǹpútà kan, Long-Ji Lin, fi jẹ́ kí róbọ́ọ̀tì máa tọ́jú ohun tójú ẹ̀ ti rí kó sì máa tún un kọ́, nígbà tó sì di 2015 iléeṣẹ́ DeepMind lo ọgbọ́n yẹn fún ẹ̀rọ tó ń gbá géèmù kọ̀ǹpútà Atari. Ṣùgbọ́n tiwọn, ṣe ni ẹ̀rọ ń ṣà á mú láìwo èwo ló ṣe pàtàkì. Ẹ̀yìn ìyẹn ni wọ́n wá ṣe èyí tó máa ń kọ́kọ́ padà síbi tí ohun tó ṣẹlẹ̀ ti yàtọ̀ jù sí ohun tó ń retí, èyí gan-an ló sún mọ́ ti àgbà.

Torí náà o lè pa á fún róbọ́ọ̀tì dáadáa, àbúrò mi. Tí tìẹ bá ṣubú ní láàbù, má tíì sáré gbé e o, kọ́kọ́ tọ́jú gbogbo ohun tí sẹ́ńsọ̀ ẹ̀ kọ sílẹ̀ kó tó ṣubú.