Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́ orí: ẹ yé sọ pé torí pé akàn ò lórí ni

Ọmọ wa kan bi mí ní ìtumọ̀ òwe "Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́ orí". Ó ní òun gbọ́ ọ lórí rédíò pé Ọlọ́run ò dá orí mọ́ akàn, ojú nìkan ló fún un, ìdí nìyẹn tó fi ń fi ojú ṣọ́ ibi tí orí ì bá wà. Ó ní ṣé òótọ́ ni.

Irọ́ gbáà ni. Inú máa ń bí mi tí mo bá gbọ́ irú àlàyé yìí, torí ẹni tó ń ṣe é kò jókòó wo akàn rí, àfi èyí tó ti wà nínú ìkòkò ọbẹ̀. Akàn lórí. Orí òun àyà rẹ̀ ló pa pọ̀ sábẹ́ èèpo kan ṣoṣo. Mo gbà pé etí omi ni àwọn àgbà ti rí ohun tí wọ́n fi pa òwe yìí, lọ́sàn-án gangan, nígbà tí omi bá fà tí ẹrẹ̀ sì wà nínú oòrùn láìsí ibòji. Ẹni tí kò bá ti ibẹ̀ mú ọ̀rọ̀, kò lè débi ìdí rẹ̀.

Etí ọ̀sà ni wọ́n ti tọ́ mi, akàn sì ni ìyá bàbá mi ń tà. Kì í ṣe akàn ńlá tí wọ́n ń so lókùn lọ́jà ni mò ń sọ o. Òru ni ìyẹn sábà máa ń jáde, ó ti sá fún oòrùn. Akàn kékeré orí ẹrẹ̀ ni mò ń wí, èyí tí ọwọ́ kan akọ rẹ̀ rí gbàǹgbà, tí èkejì rí tín-ín-rín, tó máa ń ju ọwọ́ ńlá náà sí abo rẹ̀. Afruca tangeri ni àwọn onímọ̀ ń pè é. Nínú gbogbo akàn ajuwọ́ bẹ́ẹ̀, òun nìkan ló wà ní etíkun ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, ó sì gùn dé gúúsù Pọtogí.

Ẹ wo ohun tó ń bá a fínra. Ojú ẹrẹ̀ ni oúnjẹ rẹ̀ wà, omi sì gbọ́dọ̀ fà kó tó rí i jẹ dáadáa. Ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́ ni omi ń fà. Tí ọ̀kan bá bọ́ sí ọ̀sán, ẹrẹ̀ á gbóná débi pé ẹsẹ̀ ọmọdé ò ní lè dúró lé e. Bẹ́ẹ̀, ẹ̀yà tí akàn fi ń mí gbọ́dọ̀ lọ́rinrin nígbà gbogbo, ìyẹn ló ṣe ń gbé omi díẹ̀ pamọ́ sábẹ́ èèpo rẹ̀, bí àgbẹ̀ ṣe ń gbé kèrègbè lọ sóko. Omi yẹn ló fi ń mí, òun ló fi ń ṣa oúnjẹ kúrò nínú ẹrẹ̀ lẹ́nu, èyí tó bá sì fẹ́ lọ lára rẹ̀ ló ń mú ara rẹ̀ tutù. Bí omi bá ti ń tán, dandan ni kó padà sínú ihò, níbi tí ìsàlẹ̀ ti tutù tó sì ti lómi. Bí oòrùn bá ṣe ń mú tó ni yóò ṣe máa wọlé tó. Àwọn kan nínú irú wọn máa ń funfun tí ooru bá pọ̀, kí oòrùn má baà wọ̀ wọ́n lára púpọ̀. Ìwádìí kan ní Amẹ́ríkà tún fi hàn pé ọwọ́ ńlá yẹn ń bá akọ gbé ooru kúrò lára.

Ó kan ojú wàyí. Orí ọ̀pá méjì ni ojú akàn yìí wà, ó nà án sókè gbọnrangandan. Ní ọdún 1997, àwọn onímọ̀ mẹ́ta, John Layne, Michael Land àti Jochen Zeil, tẹ ìwádìí kan jáde tó yẹ kí gbogbo olùkọ́ Yorùbá mọ̀. Wọ́n ní akàn ajuwọ́ máa ń fi ojú pín ayé sí méjì níbi tí ilẹ̀ òun ojú ọ̀run ti pàdé. Ohun tí kò bá ga kọjá ìlà yẹn, akàn ẹgbẹ́ rẹ̀ ló kà á sí. Ohunkóhun tó bá yọ sókè ìlà náà, ọ̀tá ni, ihò yá. Ó tọ́ bẹ́ẹ̀, torí ẹrẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, akàn ò ga ju akàn lọ tó bẹ́ẹ̀. Ẹyẹ àti èèyàn ló ń yọ sókè.

Ẹ wá gbọ́ òwe náà lẹ́ẹ̀kan sí i: ojú ni alákàn fi ń ṣọ́ orí. Òkè orí rẹ̀ ló ń ṣọ́! Èmi ò ní gbà fún ẹnikẹ́ni lórí èyí. Lójú tèmi, àwọn àgbà wa ti rí ohun tí àwọn onímọ̀ yẹn rí, wọ́n sì ti sọ ọ́ tipẹ́. Ìyá bàbá mi kò kàwé, ṣùgbọ́n tí a bá fẹ́ súnmọ́ akàn, á ní, "Ẹ ba! Ẹ ba sílẹ̀!" Bí ẹnìkan nínú wa bá fi lè dìde dúró, gbogbo ẹrẹ̀ á pa lọ́lọ́, ihò nìkan la máa rí. Tí a bá fi àyà fà, wọn á máa jẹun lọ níwájú wa.

Ooru ló sì jẹ́ kí òwe yìí wúwo. Ká ní kò sí ooru, akàn ì bá yan ọ̀kan: kó jókòó sínú ihò tàbí kó dúró síta. Oòrùn ò jẹ́ kó pẹ́ níta, ebi ò sì jẹ́ kó pẹ́ nílé, omi tó fà sì ń bọ̀ wá kún. Ó di wíwọlé, jíjáde, wíwọlé, jíjáde. Ní gbogbo ìgbà tó bá sì fẹ́ jáde, ojú ló ń kọ́kọ́ yọ. Ẹni tí ìpọ́njú méjì há mọ́ àárín ni òwe yìí ń bá sọ̀rọ̀.

Ẹlòmíì bi mí ní "Bí ìgbín bá ń fà, ìkarahun a tẹ̀ lé e", bóyá ó kan ìsáwùrú etí omi náà. Ó kàn án díẹ̀: ìsáwùrú máa ń ti ilẹ̀kùn ìkarahun rẹ̀ mọ́ra títí omi á fi dé. Ṣùgbọ́n òwe ìgbín, ọ̀rọ̀ ẹni tó ń tọ ẹni lẹ́yìn ni, ẹ má kó wọn pọ̀. Ní ti ooru, àwọn ẹ̀dá etí omi tó lẹ̀ mọ́ àpáta kò tilẹ̀ ní ihò tí wọ́n máa sá sí bíi ti akàn. Ní ìparí oṣù Kẹfà ọdún 2021, ooru bo ìwọ̀-oòrùn Kánádà, àpáta etíkun gbóná kọjá 50°C, omi sì fà lọ́sàn-án. Christopher Harley ti Yunifásítì British Columbia fojú bù ú pé ẹ̀dá etí omi tó kú lé ní bílíọ̀nù kan.

Ó dùn mí pé ẹ̀yìn ọkọ̀ akẹ́rù ni ọ̀pọ̀ ọmọ wa ti ń ka òwe yìí báyìí. Wọ́n ti da yanrìn bo ẹrẹ̀ tí mo mọ̀, wọ́n ti gé igi tó wà létí rẹ̀, ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ló wà níbẹ̀. Ibo ni ọmọ á ti rí akàn tó ń ṣọ́ orí? Ẹ gbé wọn lọ sí etí omi tó ṣẹ́kù, kí ẹ sì sọ fún wọn kí wọ́n ba.

Ní ti bí a ṣe ń lò ó, ọmọ mi: ẹni tó ń lọ síbi eléwu torí pé kò sí bó ṣe lè ṣe é ni kí o sọ ọ́ fún, ẹni tó ń ṣòwò láàrín àwọn tí kò finú hàn án, tàbí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ìlú àjèjì. Ẹni tó ti ilẹ̀kùn mọ́rí tó ní ẹ̀rù ń ba òun, má sọ ọ́ fún un. Òwe mìíì ló bá tirẹ̀ mu.