Ẹ gbé awò náà jáde ní ìrọ̀lẹ́ kí ẹ tó sanwó

Ẹ ní awò oní-lésà méjì, irú èyí tí ọdẹ fi ń wọn bí ẹran ṣe jìn tó, lẹ ń wò, ọ̀kan tí wọ́n kọ 1,000 yáàdì sí lára páálí rẹ̀, èkejì 600, ẹ sì ń béèrè bóyá èyí tó ń rí ọ̀nà jíjìn jù ni kí ọdẹ rà. Èrò yẹn gan-an ni mo fi ra tèmi àkọ́kọ́, ẹran kan ló sì jẹ ìyà rẹ̀.

Ọrun àti ọfà ni mo fi ń ṣọdẹ. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, àgbọ̀nrín kan yọ sí etí igbó, ó dúró, ó fi ẹ̀gbẹ́ kọ sí mi. Mo gbé awò sójú, mo tẹ bọ́tìnì, ó ní yáàdì 27. Mo ta á. Ọfà náà lọ sílẹ̀, ẹsẹ̀ ló bà, ẹran sì wọ igbó lọ. Mo tọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú, mo tún padà lọ láàárọ̀ ọjọ́ kejì, n kò rí i mọ́. Lọ́jọ́ yẹn ni mo ta téèpù láti ibi tí mo wà dé ibi tó dúró sí: yáàdì 38. Koríko gíga tó wà láàárín àwa méjèèjì ni lésà bá pàdé, òun ló jíṣẹ́ rẹ̀ fún mi. Ó ṣì ń dùn mí dòní.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyí. Ìtànṣán tí ojú kò lè rí ni awò yìí ń rán jáde, ó sì ń ka àkókò tí ìtànṣán náà fi lọ tó fi bọ̀. Tí nǹkan bá wà ní 100 mítà, àlọ àti àbọ̀ yẹn kò tó ìdá kan nínú mílíọ̀nù ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ewé lè dá a padà, koríko lè dá a padà, òjò àti kùrukùru náà lè dá a padà. Àwọn awò tí wọ́n ṣe fún gọ́ọ̀fù sábà máa ń mú ohun tó sún mọ́ jù, torí pé ọ̀pá àsíá ni ẹni tó ń gbá a ń wá, kò wá igi tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ìdàkejì ni ọdẹ ń wá. Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ béèrè bóyá ó ṣeé yí sí ohun tó jìn jù lójú ọ̀nà. Ìyẹn náà ní ewu tirẹ̀ o: tí òkè bá wà lẹ́yìn ẹran, ó lè jẹ́ òkè ló máa wọ̀n. Mo máa ń tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta, mo sì máa ń wọn igi tó bá ẹran dọ́gba pẹ̀lú, kí n tó gbà á gbọ́.

Ní ti 1,000 yẹn, ohun tó ń dán, tó ń dá ìmọ́lẹ̀ padà dáadáa, ni wọ́n fi ń rí irú iye bẹ́ẹ̀. Irun ẹran kì í dán bẹ́ẹ̀. Ẹ máa retí ìdajì, nígbà mìíràn kò ní tó ìdajì, pàápàá tí oòrùn bá mú. Tó bá jẹ́ ìbọn lẹ fi ń yìn wọ́n láti òkèèrè, ẹ wo ibi tí wọ́n kọ mrad sí nínú ìwé rẹ̀, ìyẹn ìwọ̀n bí ìtànṣán ṣe ń fẹ̀ sí, torí ìtànṣán ń fẹ̀ bó ṣe ń lọ. Èyí tó ní mrad 2 á ti fẹ̀ tó mítà kan nígbà tó bá dé 500 mítà, àyà àgbọ̀nrín kò sì fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ rárá.

Ẹ wo nọ́ńbà inú rẹ̀ náà. Nọ́ńbà dúdú dára lọ́sàn-án, ṣùgbọ́n ìrọ̀lẹ́ ni ẹran ń jáde, dúdú lórí dúdú kò sì ṣeé kà. Pupa tó ń tàn ni mò ń lò báyìí, èyí tí mo lè dín ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kù kó má bàa pa mí lójú.

Tí ẹ bá ń ta láti orí igi tàbí láti orí òkè, ẹ má ra èyí tí kò lè ṣírò ìdagẹ̀rẹ̀. Yáàdì 40 ní ìdagẹ̀rẹ̀ dígírì 30, bíi 35 ni kí ẹ ta á sí. Tó bá jẹ́ dígírì 45, bíi 28 ni. Ẹni tó bá ta á sí 40 á ta kọjá lórí ẹran.

Ìyókù kò le. Awò tó ń mú nǹkan tóbi lójú ní ìlọ́po mẹ́fà ti tó. Òtútù ń pa bátìrì, ẹ fi òmíràn sápò. Kí ẹ sì rí i dájú pé yáàdì tàbí mítà tó wà nínú awò bá èyí tí ẹ fi ṣètò ọrun tàbí ìbọn yín mu, torí 100 mítà ti di yáàdì 109.

Nínú méjèèjì, ẹ mú èyí tó bá lè wọn kùkùté igi dúdú lẹ́yìn koríko nígbà tí ilẹ̀ bá ń ṣú lọ, kí ẹ sì fi téèpù yẹ̀ ẹ́ wò, ì báà jẹ́ 600 ni wọ́n kọ sí i lára. Tí ẹni tó ń tà á kò bá gbà kí ẹ gbé e jáde síta, ẹ lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn.