Ara Mi Mọ́, Mo Dáwọ́ Ìmọ́lẹ̀ Dúró, Sọráyásíìsì Tún Padà

ÌBÉÈRÈ: Olóòtú wa ọ̀wọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọdún kẹfà rèé tí sọráyásíìsì, àìsàn awọ tó ń mú ìpẹ́ funfun jáde, ti ń bá mi fínra ní ìgbọ̀nwọ́, ní orúnkún àti ní ẹ̀yìn. Dókítà fún mi ní ìpara, ó sì ní kí n máa lo ẹ̀rọ ìmọ́lẹ̀ UVB (irú ìtànṣán kan tó wà nínú oòrùn) nílé lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀. Nígbà tó fi máa di ọ̀sẹ̀ keje, ìpẹ́ funfun náà ti ká kúrò, ara mi ti ń dán, mo bá ṣíwọ́. Ó ti pé ọjọ́ 20 tí n kò ti tan ẹ̀rọ náà, ara sì ti tún ń yún mi. Ṣé kí n bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí mo bá a dé? Ojú ń tì mí láti jẹ́wọ́ fún dókítà.

ÌDÁHÙN: Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ẹ bá a dé. Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń fi kún iye ìmọ́lẹ̀ nítorí pé awọ máa ń mọ́ ọn lára bí ìtọ́jú bá ṣe ń lọ. Lẹ́yìn ọjọ́ 20 láìlò ó, ìfaradà náà ti dín kù, iye tí kò ṣe yín ní nǹkan kan ní ọ̀sẹ̀ keje sì lè jó yín lónìí. Dókítà yín ni yóò sọ bóyá ẹ óò dín in kù tàbí kí ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ìpìlẹ̀.

Sọráyásíìsì kì í ṣe ìdọ̀tí, kì í sì í ràn. Agbára tó ń dáàbò bo ara ló ṣi iṣẹ́ ṣe, tí sẹ́ẹ̀lì awọ tó yẹ kó lò tó nǹkan bí oṣù kan kó tó dàgbà kó sì bọ́ wá ń ṣe bẹ́ẹ̀ láàárín ọjọ́ mélòó kan péré, ni wọ́n bá ń gún orí ara wọn. Ìpara àti ìmọ́lẹ̀ ń dín eré àwọn sẹ́ẹ̀lì yìí kù, ṣùgbọ́n wọn kì í fa gbòǹgbò rẹ̀ tu. Ara tó mọ́ fi hàn pé ìtọ́jú ń ṣiṣẹ́. Kò túmọ̀ sí pé àìsàn ti lọ.

Ní ti ìtìjú, ó dùn mí fún yín, ṣùgbọ́n ẹ kò dá nìkan wà rárá. Àwọn olùwádìí ti fi ẹ̀rọ tó ń ka iye ìgbà tí a ṣí ìdérí sí ara ike oògùn, wọ́n sì rí i pé lílò máa ń ròkè nígbà tí ọjọ́ àtirí dókítà bá kù sí dẹ̀dẹ̀, kó tó tún lọ sílẹ̀. Èyí tó ń bà mí lẹ́rù ni ìdákẹ́jẹ́, nítorí bí dókítà kò bá mọ̀ pé ẹ ti dáwọ́ dúró, yóò rò pé oògùn náà kò ràn yín, ó sì lè gbé yín lọ sórí èyí tó le jù ú lọ láìnídìí.

Ní Amẹ́ríkà, ìwádìí kan tí wọ́n gbé jáde ní ọdún 2024 fi àwọn aláìsàn 783 wé ara wọn fún ọ̀sẹ̀ 12: àwọn kan lo ìmọ́lẹ̀ nílé, àwọn yòókù lọ gbà á lọ́dọ̀ dókítà. Nínú 100 àwọn tó lò ó nílé, nǹkan bí 51 ló tẹ̀lé e déédéé. Nínú 100 àwọn yòókù, wọn kò ju 16 lọ. Àbájáde ti ilé kò sì rẹlẹ̀ sí ti ilé ìwòsàn. Nítorí náà, ẹ̀rọ tó wà nínú yàrá yín kì í ṣe ìtọ́jú aláìmọ̀kan, ó kàn jẹ́ pé kò sí ẹni tí yóò ránni létí ni.

Ẹ so ó mọ́ ohun tí ẹ ti ń ṣe tẹ́lẹ̀, bóyá lẹ́yìn ìwẹ̀ alẹ́, kí ẹ sì fi kàlẹ́ńdà àti bírò kọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ, kí ẹ lè kọ ọjọ́ àti iye ìmọ́lẹ̀ kí ẹ tó wọṣọ. Ẹ má ṣe gbàgbé awò ààbò. Ọkùnrin gbọ́dọ̀ bo nǹkan ọmọkùnrin rẹ̀. Bí ìpara yín bá jẹ́ irú kalsipótíríọ́ọ̀lù (ìpara tó jọ fítámì D), ẹ̀yìn ìmọ́lẹ̀ ni kí ẹ fi pa ara, torí pé ìtànṣán lè ba á jẹ́. Bí ẹ bá fo ìgbà kan, ẹ má ṣe ìlọ́po méjì láti fi dí i. Bí awọ bá pọ́n tàbí tí ó ń ta yín, ẹ dúró, ẹ pe dókítà. Ẹ sì sọ fún un bí wọ́n bá fún yín ní oògùn tuntun, nítorí pé àwọn kan, bíi doxycycline tí wọ́n fi ń pa kòkòrò àrùn, máa ń mú kí ìmọ́lẹ̀ tètè jó awọ.

Bí ẹ bá máa pè é lọ́la, ọ̀rọ̀ yìí ti tó: “Ẹ kú iṣẹ́, Dókítà. Ọjọ́ 20 rèé tí n kò ti lo ìmọ́lẹ̀ mi, nítorí mo rò pé mo ti sàn. Iye tí mo lò kẹ́yìn nìyí. Níbo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?”