Wọ́n há a sórí ni, wọn ò kà á

Tíṣà, mo rí ìbéèrè yín láàárọ̀ yìí, ọkàn mi ò sì balẹ̀ títí mo fi jókòó láti dáhùn. Ẹ ní ọmọ 62 ló wà ní kíláàsì kẹta tí wọ́n gbé lé yín lọ́wọ́, pé agbára káká ni mẹ́rin nínú wọn fi lè ka gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì kan já, pé ọ̀gá ilé-ìwé ti kéde pé Yorùbá ò gbọdọ̀ jáde lẹ́nu ẹnikẹ́ni, àti pé àwọn alábẹ̀wò ń bọ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ẹ wá ń béèrè irú ìwé tí ẹ máa fi owó ara yín rà fún wọn. Ẹ jẹ́ kí owó yẹn ṣì wà lápò ná.

Ibi tí ẹ wà yìí, mo ti ṣubú níbẹ̀ rí, orúnkún mi sì bó.

Abúlé kan lọ́nà Ṣakí ni wọ́n kọ́kọ́ gbé mi lọ lẹ́yìn tí mo gba NCE, ìwé-ẹ̀rí olùkọ́. Gẹ̀ẹ́sì ni mo kà. Ọdún mẹ́ta gbáko, wọ́n kọ́ mi ní ìhun gbólóhùn, wọ́n kọ́ mi ní ewì òyìnbó, ṣùgbọ́n olùkọ́ kankan ò fi hàn mí bí èèyàn ṣe ń mú ọmọ tí kò mọ lẹ́tà débi tó ti máa ka ọ̀rọ̀. Ohun tí wọ́n ṣe fún mi nígbà tí mo wà lọ́mọdé ni èmi náà ṣe: mo di pàṣán mú, mo nàka sí bọ́ọ̀dù, mo ní "This is a pot", ọmọ 48 á sì gbè é bí ègbè orin, "This is a pot". Kí táàmù tó parí, wọ́n ti ka ìwé wọn dé ojú-ewé ogún. Mo ń fi wọ́n yangàn káàkiri.

Alábẹ̀wò dé ní Ọjọ́rú kan. Ó pe ọmọbìnrin tó jókòó níwájú, ọ̀kan nínú àwọn tí mo gbójú lé jù, ó ní kó ka ojú-ewé kẹrìnlá. Ọmọ náà kà á bí ẹni ń mumi. Ọkùnrin yẹn rẹ́rìn-ín, ó gba ìwé náà, ó dorí rẹ̀ kodò, ó dá a padà fún un, ó ní kó tún un kà. Ó tún un kà. Ìdí ìkòkò inú àwòrán wà lókè, ẹnu rẹ̀ wà nísàlẹ̀, ọmọ mi ń kà á lọ geere. Ó wá dìde, ó kọ "pot" nìkan sí bọ́ọ̀dù, ó ní kí ẹni tó bá mọ̀ ọ́n nawọ́. Ẹnikẹ́ni ò nawọ́. Ọmọbìnrin yẹn wo bọ́ọ̀dù, ó wo èmi. Mo ṣì ń rí ojú yẹn.

Ká ní ó pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ni. Rárá o. Níwájú àwọn ọmọ ló ti fi Gẹ̀ẹ́sì bi mí bóyá ọjà ni mo ti ra ìwé-ẹ̀rí mi. Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, kúẹ́rì dé: kí n ṣàlàyé ìdí tí wọn ò fi ní í bá mi wí. Mo ka lẹ́tà yẹn lákàtúnkà, mo ń wá ibi tí wọ́n ti sọ bó ṣe yẹ kí n ṣe é. Kò sí níbẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni wọ́n tún wá lọ́dún yẹn. Lẹ́sìn-nóòtì, ìwé tí tíṣà ń kọ ètò ẹ̀kọ́ rẹ̀ sí, ni wọ́n máa ń gbà, wọ́n á fi bírò pupa fa ìlà sí i, wọ́n á béèrè ohun mímu, ó parí. Títí dòní, mi ò tí ì rí ọ̀kan nínú wọn tó mú ṣọ́ọ̀kì dání rí.

Ìtìjú yẹn ni mo wá lọ fi na àwọn ọmọ. Mo ń sọ ọ́ kí ẹ̀yin má baà ṣe é. Ilé-ìwé wa ní pákó kan tí wọ́n máa ń gbé kọ́ ọrùn ọmọ tó bá sọ Yorùbá. Ọmọ náà á san náírà márùn-ún kó tó bọ́ ọ. Èmi ni mo wá di olùṣọ́ pákó. Lọ́jọ́ kan, ibà gbé ọmọkùnrin kan lórí bẹ́ǹṣì, ó ń gbọ̀n, ó ń làágùn. Èyí tó jókòó tì í rí i. Ó wò mí, ó dákẹ́, ó tún wò mí. Ìgbà tí ọmọ náà ṣubú lulẹ̀ ni mo tó sáré débẹ̀. Mo ní, kí ló dé tí o ò pè mí? Ó ní, "Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń pè é ní Gẹ̀ẹ́sì, mà. Mi ò sì ní náírà márùn-ún." Ọjọ́ náà ni mo yọ pákó yẹn lára ògiri, mo fi ti fèrèsé kan tí atẹ́gùn ń gbá. Ọ̀gá wa wá a títí.

Nítorí náà, ohun tí ọ̀gá yín sọ nípa Yorùbá, ẹ ní "bẹ́ẹ̀ ni, sà", kí ẹ sì ti ilẹ̀kùn kíláàsì yín.

Ẹni tó là mí lójú kì í ṣe ọ̀gá kankan. Màmá kan tó ti fẹ̀yìn tì ni, tó ń kọ́ àwọn àgbà ìjọ ní ìwé Yorùbá lọ́jọ́ Àìkú kí wọ́n lè ka Bíbélì fúnra wọn. Mo yọjú síbẹ̀, mo bá ọ̀kan nínú àwọn ọmọ mi, lára àwọn tí kò mọ "pot", láàárín àwọn ìyá àgbà, tó ń ka ẹsẹ tí kò rí rí. Ó ń kà á ní méjì-méjì, ó ń sinmi, ṣùgbọ́n ó ń kà á. Mo bi màmá pé kí lẹ ṣe fún un. Wọ́n ní, "A, bí, dí náà ni."

Lẹ́tà Yorùbá kì í purọ́. B ni b níbi gbogbo tó bá ti dá dúró, a sì ni a. B àti a, ba, t àti a, ta, bàtà rèé. Láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ọmọ á ti mọ̀ pé ìlà wẹ́wẹ́ wọ̀nyí ń sọ̀rọ̀, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lèèyàn sì ń mọ àṣírí yẹn láyé. Tó bá mọ̀ ọ́n nínú èdè tó gbọ́, ó ti ní ohun tó máa gbé wọ Gẹ̀ẹ́sì. Kì í ṣe èmi ni mo kọ́kọ́ rí i. Láti 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá, onímọ̀ ètò ẹ̀kọ́, àti àwọn ará Yunifásítì Ifẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ní ilé-ìwé St. Stephen's ní Modákẹ́kẹ́: wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ kan ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà, Gẹ̀ẹ́sì sì jẹ́ iṣẹ́ kan láàyè ara rẹ̀, tíṣà tó mọ̀ ọ́n dáadáa ló ń kọ́ wọn. Àwọn ọmọ yẹn ò gbẹ́yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n tilẹ̀ ṣe dáadáa ju àwọn tí wọ́n yí sí Gẹ̀ẹ́sì ní kíláàsì kẹrin lọ. Ní 2022, ìjọba ní èdè abínibí ni kí a fi máa kọ́ ọmọ fún ọdún mẹ́fà. Ní 2025, wọ́n ní àwọn ti fagi lé e, Gẹ̀ẹ́sì ni láti ìbẹ̀rẹ̀. Nínú méjèèjì, kò sí èyí tó fi ṣọ́ọ̀kì ẹyọ kan ránṣẹ́ sí abúlé wa.

Ó dáa, iṣẹ́ yín gan-an. Ẹ pe àwọn ọmọ náà lọ́kọ̀ọ̀kan, ìṣẹ́jú méjì péré fún ẹnì kan, ẹ fi lẹ́tà hàn wọ́n láìtẹ̀lé ètò, kí wọ́n sọ ohùn rẹ̀, kì í ṣe orúkọ rẹ̀. Ẹ pín wọn sí ọ̀wọ́ mẹ́ta bí lẹ́tà tí wọ́n mọ̀ ṣe pọ̀ tó, ẹ bẹ̀rẹ̀. Ìyẹn ò lálàyé.

Ibi tó lálàyé ni ibi tí Yorùbá àti Gẹ̀ẹ́sì ti máa kọlu ara wọn. Bí ẹ bá ń lo Jolly Phonics, ètò tó ń fi ohùn lẹ́tà kọ́ ọmọ láti ka Gẹ̀ẹ́sì, tó bẹ̀rẹ̀ láti s, a, t, i, p, n, p àti n yẹn ni kí ẹ ṣọ́. P tiwa kì í ṣe p tiwọn. Ní tiwa, ẹ̀yìn ahọ́n àti ètè ló jọ ń ṣiṣẹ́. Ní tiwọn, ètè nìkan ni. Ẹ ní kí ọmọ mú ìwé pélébé síwájú ẹnu, kó sọ ọ́ títí ìwé náà á fi mì. N burú jù ú lọ. Ọmọ tó ti ń ka Yorùbá á rí "sun", á kà á bí ẹni tó fẹ́ lọ sùn. Á rí "pin", á kà á bí ẹni tó ń pín ẹran. "Gun" á di gígun igi. Kò ya òmùgọ̀, òfin tí ẹ fi kọ́ ọ ló ń tẹ̀lé. Ẹ ní kó fi ahọ́n kan òkè ẹnu, kó sì fi í síbẹ̀ kó gbọ́ ìró rẹ̀ tán. Ẹ̀yin náà ẹ má fi ohùn kún ti lẹ́tà: tí ẹ bá ń sọ "pù, ọ́, tù", kò sí ọjọ́ tí ọmọ máa rí "pot" nínú rẹ̀. Èdè wa ò sì fẹ́ kí kọ́ńsónáǹtì méjì tò tẹ̀ léra, ẹ wo bí "bread" ṣe di búrẹ́dì. Ẹ máa bẹ̀rẹ̀ látẹ̀yìn: "top", kó tó di "stop".

Ọ̀rọ̀ sísọ gbọ́dọ̀ ṣáájú ìwé. Àṣẹ ni mo fi máa ń bẹ̀rẹ̀: "Open the window", "Give her the chalk", wọ́n á ṣe é láìsọ nǹkan kan. Tó bá di ọ̀sẹ̀ kejì, àwọn ni wọ́n á máa pàṣẹ fún mi. Ẹ ò rí i bí ẹnu ṣe ń yá ọmọ tó bá rí tíṣà rán níṣẹ́! Ọmọbìnrin kan wà tó máa ń sọ pé "My father, they are in the farm." Mo fi bírò pupa fà á títí, kò yí padà. Nígbà tí mo wá fi Yorùbá bi í, ó ní, "Mi ò lè pe bàbá mi ní ó, mà." Mo ní àwọn òyìnbó ò ní "wọ́n" ọ̀wọ̀, ọba wọn pàápàá, "he" ni. Ẹ̀rín pa gbogbo kíláàsì, ó sì tán síbẹ̀. Bí wọ́n bá ń pe obìnrin ní "he", ẹ má na ẹnikẹ́ni. "Ó" kan ṣoṣo tí a ní ló fà á.

Ìwé kíkọ ńkọ́? Ohun tí wọ́n bá ti sọ ni kí wọ́n kọ.

Ẹ ṣọ́ra fún àwọn tó ń ta ìwé-ẹ̀rí ọjọ́ kan lórí WhatsApp. Mo san ₦15,000 fún ọ̀kan. Ọkùnrin náà ń fimú sọ̀rọ̀ bí ará Amẹ́ríkà látàárọ̀ dalẹ́, ó ní kí a lọ kọ́ àwọn ọmọ bí wọ́n ṣe ń lọ́ r lẹ́nu. Ọmọ tí kò mọ "pot"! Ohun mìíràn: bí ẹ bá ní ọmọ Fúlàní nínú kíláàsì, ẹ kọ́kọ́ wádìí bí Yorùbá rẹ̀ ṣe tó. Odidi táàmù kan ni mo fi ń bá ọ̀kan sọ "bàtà, ata, ilé" kí n tó mọ̀ pé àjèjì ni Yorùbá àti Gẹ̀ẹ́sì jọ jẹ́ fún un.

Ẹ̀hn, ìwé ni ẹ béèrè. Ẹ ra ìwé a-bí-dí Yorùbá kan tí kò wọ́n, ẹyọ kan, tiyín ni. Ẹ gé páálí, ẹ kọ lẹ́tà sí i, ìyẹn ni tàwọn ọmọ. Èyí tí ìjọba kó wá, tí wọ́n kọ "Not for sale" sí lára, ẹ lọ béèrè rẹ̀ ní sítọ́ọ̀ ọ̀gá yín. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ eku ló ń kà á báyìí.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ò tó, mi ò ní í tàn yín. Ẹ má há ojú-ewé kankan sórí wọn nítorí alábẹ̀wò. Bí ogún nínú wọn bá lè ka ọ̀rọ̀ lẹ́tà mẹ́ta tí wọn ò rí rí, ẹ fún alábẹ̀wò náà ní ṣọ́ọ̀kì kó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́. Tí ẹ bá ti dán ọmọ mẹ́wàá àkọ́kọ́ wò, ẹ padà wá kọ iye lẹ́tà tí ẹnì kọ̀ọ̀kan mọ ohùn rẹ̀ síbí, kí n lè sọ ibi tí ẹ máa gbà bẹ̀rẹ̀. Lẹ́sìn-nóòtì ni kí ẹ má gbé wá o.