Ṣé Ìbò Ọmọ Nàìjíríà Lè Wúlò ní Ìgbèríko Wales?

ÌBÉÈRÈ: Agbẹjọ́rò, ẹ kú iṣẹ́ o. Ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ni mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Llandrindod Wells, físà iṣẹ́ ni mo sì fi wọ ìlú. Ìjọba ìbílẹ̀ kọ lẹ́tà pé kí gbogbo àgbà tó wà nínú ilé wa fi orúkọ sílẹ̀ fún ìbò. Ọkọ mi ní kí n má dáhùn, pé kò kan àlejò, pé ó tún lè ba físà wa jẹ́. Ẹnì kan níbi iṣẹ́ wa tiẹ̀ ní àwọn àgbẹ̀ ló ni ìbò àdúgbò yìí, ẹni kan náà ni wọ́n máa ń yàn ṣáá. Kí ni kí n ṣe?

ÌDÁHÙN: Ẹ kú làálàá iṣẹ́ o. Ẹ dá lẹ́tà yẹn lóhùn, torí ó kàn yín. Nàìjíríà wà nínú Kọ́mọ́nwẹ́ẹ̀tì, òfin UK sì fún ọmọ Kọ́mọ́nwẹ́ẹ̀tì tó bá ní ìwé àṣẹ ìgbélùú, tó sì ti pé ọmọ ọdún 18, lẹ́tọ̀ọ́ láti dìbò yan aṣòfin tó ń lọ sí London. Kò dìgbà tí ẹ bá di ọmọ ilẹ̀ wọn. Kò sí bí èyí ṣe lè ba físà yín jẹ́. Irọ́ pípa lórí fọ́ọ̀mù ni ọ̀ràn, ẹni tó bá sì dákẹ́ lé irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ lè san owó ìtanràn.

Ọ̀rọ̀ ẹni tí ẹ jọ ń ṣiṣẹ́ ni mi ò lè gbà rárá, nítorí bóyá la fi rí ẹkùn ìbò tí ìtàn rẹ̀ ta ko ọ̀rọ̀ yẹn tó tiyín, ìyẹn ẹkùn Brecon àti Radnor.

Títí di 1918, Brecon dá aṣòfin tirẹ̀ yàn, Radnor náà dá tirẹ̀ yàn. Ọdún yẹn ni wọ́n pa méjèèjì pọ̀. Ilẹ̀ náà wá fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí kò fi sí ẹkùn ìbò tó tó o ní gbogbo England àti Wales. Lóòótọ́, àgùntàn pọ̀ níbẹ̀ ju èèyàn lọ. Ṣùgbọ́n àwọn awakùsà èédú wà ní apá gúúsù, àwọn ni wọ́n gbé ẹgbẹ́ Labour ró láti 1939 títí di 1979. Tudor Watkins nìkan lo ọdún 25 nínú rẹ̀. Ní 1979, Tom Hooson ti ẹgbẹ́ Conservative gba ipò náà. Nígbà tí wọ́n tún ààlà fà ní 1983, ìlú Brynmawr tí àwọn òṣìṣẹ́ pọ̀ sí bọ́ kúrò nínú ẹkùn náà, ọ̀nà Labour sì túbọ̀ ṣòro.

Hooson kú ní 1985. Nígbà tí wọ́n dìbò láti fi ẹlòmíì rọ́pò rẹ̀, Richard Livsey ti ẹgbẹ́ Liberal ló wọlé, ìbò 559 péré ló fi ju ti Labour lọ. Ọdún méjì lẹ́yìn náà, ó tún wọlé pẹ̀lú ìbò 56. Mọ́lúè kan ṣoṣo á kó èèyàn 56, àyè á sì ṣì wà fún ẹni tó bá fẹ́ dúró. Ní 1992, ìbò 130 ni Jonathan Evans ti Conservative fi gba ipò náà lọ́wọ́ rẹ̀. Livsey gbà á padà ní 1997. Nígbà tó sì fẹ̀yìn tì ní 2001, Roger Williams tó rọ́pò rẹ̀ fi ìbò 751 wọlé.

Ti 2019 ni mo máa ń sọ fún àwọn èèyàn jù. Aṣòfin ìgbà náà, Chris Davies, jẹ́wọ́ níwájú ilé ẹjọ́ pé òun fi ìwé owó tí kì í ṣe òótọ́ béèrè owó àwọn àwòrán tí òun fi ṣe ọ́fíìsì lọ́ṣọ̀ọ́. Òfin 2015 ní bí ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún àwọn olùdìbò bá fọwọ́ sí ìwé ìpèpadà láàrin ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, aṣòfin bẹ́ẹ̀ ti pàdánù ipò rẹ̀ nìyẹn. Èèyàn 10,005 fọwọ́ sí i, ìyẹn ìdá 19. Ẹ fi wé tiwa: òfin Nàìjíríà ń béèrè ju ìdajì àwọn olùdìbò lọ, ìdí nìyẹn tí ìpèpadà Dino Melaye ní Kogi fi já sí òfo ní 2018.

Wọ́n gba Davies láyè láti tún díje, ó sì díje. Plaid Cymru, ìyẹn ẹgbẹ́ òṣèlú àwọn ará Wales, àti ẹgbẹ́ Green fà sẹ́yìn fún Jane Dodds ti Liberal Democrat, ó sì fi ìbò 1,425 ná an ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹjọ. Oṣù mẹ́rin péré lẹ́yìn náà, ní oṣù Kejìlá, Fay Jones ti Conservative lé Dodds kúrò. Ní 2024, wọ́n fi àwọn ìlú kan ní àfonífojì Tawe kún ẹkùn náà, David Chadwick ti Liberal Democrat sì fi ìbò 1,472 lé Fay Jones náà kúrò. Ibo ni aṣojú kan náà wà níbẹ̀?

Ó wá ku bí ẹ ó ṣe ṣe é. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni ìforúkọsílẹ̀ wà, nọ́ńbà National Insurance yín ni wọn yóò béèrè. Ó gbọ́dọ̀ parí ó kéré tán ọjọ́ iṣẹ́ 12 ṣáájú ìbò. Aago méje àárọ̀ sí mẹ́wàá alẹ́ ni wọ́n ń dìbò. Bí iṣẹ́ yín kò bá fún yín láyè, ẹ béèrè fún ìbò tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ nípasẹ̀ ilé ìfìwéránṣẹ́, ọjọ́ iṣẹ́ 11 ṣáájú ni ti ìyẹn máa ń parí.

Ẹni tó bá fẹsẹ̀ ara rẹ̀ lọ gbọ́dọ̀ mú ìwé ìdánimọ̀ tó ní fọ́tò dání nígbà ìbò ti London. Pásípọ́ọ̀tù Nàìjíríà wà lára èyí tí wọ́n ń gbà, kódà bí ọjọ́ rẹ̀ bá ti kọjá, níwọ̀n ìgbà tí fọ́tò rẹ̀ bá ṣì jọ yín. Orúkọ ni kí ẹ ṣọ́ra fún o. Bí ẹ bá fi orúkọ ọkọ forúkọ sílẹ̀ nígbà tó jẹ́ orúkọ bàbá yín ló wà nínú pásípọ́ọ̀tù, ẹ mú ìwé ẹ̀rí ìgbéyàwó dání. Ọkọ yín náà lẹ́tọ̀ọ́ sí i bí òun náà bá ní ìwé àṣẹ, ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ ni kó kọ tirẹ̀, ẹ má bá a kọ ọ́.