Ibo ni wọ́n fi jíìnì èèyàn sí lára àgùntàn?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́, Dókítà. Mo gbọ́ pé wọ́n ń fi jíìnì èèyàn sára ẹran kí oògùn lè máa jáde nínú wàrà rẹ̀. Kí ló dé tó fi jẹ́ wàrà ni wọ́n yàn? Ṣé ẹni tó bá sì mu wàrà náà á rí ìwòsàn? Òǹkàwé yín.

ÌDÁHÙN: Ẹ ṣeun púpọ̀. Iṣẹ́ ọmú ni láti máa tú púrótéènì jáde, a sì lè máa fún un lójoojúmọ́ láì pa ẹran. Àwọn púrótéènì èèyàn kan wà tí wọn kì í ṣiṣẹ́ dáadáa àfi tí ṣúgà bá lẹ̀ mọ́ wọn lára. Bakitéríà, tí wọ́n tún máa ń lò láti ṣe oògùn, ò mọ iṣẹ́ yẹn ṣe bó ṣe yẹ, ṣùgbọ́n sẹ́ẹ̀lì ọmú mọ̀ ọ́n. Kí oògùn má baà máa kiri inú ẹ̀jẹ̀ ẹran, wọ́n á mú apá tó ń pàṣẹ fún púrótéènì wàrà lára DNA (okùn inú sẹ́ẹ̀lì tí jíìnì, ìyẹn àkọsílẹ̀ bí a ṣe ń ṣe púrótéènì, wà lára rẹ̀), wọ́n á so ó mọ́ iwájú jíìnì èèyàn náà. Inú ọmú nìkan ni àṣẹ yẹn ti ń múlẹ̀.

Ibi tí jíìnì náà jókòó sí gan-an ni ọ̀rọ̀ wà, èmi ò sì rò pé à ń sọ ọ́ tó. Láyé àtijọ́, abẹ́rẹ́ gíláàsì ni wọ́n ń lò. Wọ́n á fi ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ fa ẹyin ẹran tó ti gba àtọ̀ mọ́ra lábẹ́ maikirosíkóòpù, wọ́n á gún un, wọ́n á sì ti DNA sínú rẹ̀. Ibikíbi tó bá ṣe kòńgẹ́ ni DNA náà máa wọ̀. Tó bá bọ́ síbi tó ti pa dé, tí jíìnì kì í ti í ṣiṣẹ́, wàrà á jáde láìsí oògùn nínú rẹ̀; tó bá já lu àárín jíìnì mìíràn, ó bà á jẹ́ nìyẹn. Tracy, àgùntàn tí wọ́n bí ní Scotland ní 1990, ṣe oríire: nǹkan bíi gíráàmù 35 púrótéènì èèyàn ló wà nínú líta wàrà rẹ̀ kan.

Ọ̀nà kejì ni pé kí a yan ibi tí jíìnì máa jókòó. Wọ́n á fi DNA tó jọ ti ibẹ̀ gẹ́lẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì jíìnì náà, kí sẹ́ẹ̀lì lè fúnra rẹ̀ pààrọ̀ wọn. Kì í sábà bọ́ sí i. Nítorí náà inú àwo ni wọ́n ti ń ṣe é, lára sẹ́ẹ̀lì rẹpẹtẹ, wọ́n á wá ṣa èyí tó gbà á. Ọ̀nà tí wọ́n fi dá Dolly, àgùntàn tí wọ́n ṣẹ̀dá láti ara sẹ́ẹ̀lì àgùntàn mìíràn, ní 1996 ni wọ́n gbà sọ irú sẹ́ẹ̀lì bẹ́ẹ̀ di Cupid àti Diana, àwọn àgùntàn tí ìròyìn wọn jáde ní 2000. Púrótéènì èèyàn tó wà nínú wàrà tí wọ́n rí fún kò tó gíráàmù kan nínú líta, kò sún mọ́ ti Tracy. Ṣùgbọ́n ibi tí wọ́n fẹ́ ni jíìnì náà jókòó sí. Ó dùn mí pé ọ̀pọ̀ ọmọ àgùntàn tí wọ́n jọ dá ló kú ní kékeré, mo sì fẹ́ kí ẹ mọ̀ ọ́n.

Àwọn oògùn kan ti dé ọ̀dọ̀ aláìsàn: ATryn láti inú wàrà ewúrẹ́, tí Yúróòpù fọwọ́ sí ní 2006, Amẹ́ríkà ní 2009, àti Ruconest láti inú wàrà ehoro. Ẹ má wulẹ̀ mu wàrà náà fún ìwòsàn. Inú á lọ púrótéènì yẹn bó ṣe ń lọ ẹran tí a jẹ. Wọ́n máa ń yọ ọ́ kúrò nínú wàrà, wọ́n á fọ̀ ọ́ mọ́ tónítóní, kí wọ́n tó fà á sínú iṣan aláìsàn.