Ẹ Bi Wá: Ìpinnu Tí Kì Í Kọjá Ọjọ́ Kẹta

Ọ̀rọ̀ ìkóra-ẹni-níjàánu ló kún àpò lẹ́tà wa lóṣù yìí. Púpọ̀ nínú àwọn tó kọ̀wé ló ti dá ara wọn lẹ́bi pé ọkàn àwọn kò le tó. Èrò tiwa yàtọ̀. Ẹni tí ẹ rí tó ń kó ara rẹ̀ níjàánu kì í fi bẹ́ẹ̀ bá ara rẹ̀ jà. Ó ti to ilé àti àsìkò rẹ̀ débi pé ìjà náà kì í sábà ṣẹlẹ̀. Mẹ́rin nínú ìbéèrè yín rèé.

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Wọ́n ní téèyàn bá ti ṣe nǹkan fún ọjọ́ 21 gbáko, á mọ́ ọn lára. Mo ti ń ṣe eré ìdárayá láàárọ̀ kọjá ọjọ́ 21, síbẹ̀ tipátipá ni mo fi ń dìde. Ṣé èmi ni mo ya ọ̀lẹ ni?

Ìdáhùn: Rárá o, òǹkà yẹn ni kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Dókítà kan ní Amẹ́ríkà, Maxwell Maltz, tó ń fi iṣẹ́ abẹ tún ojú èèyàn ṣe, ló kọ ọ́ sínú ìwé lọ́dún 1960 pé, ó kéré tán, nǹkan bí ọjọ́ 21 ni àwọn tóun tún ojú wọn ṣe fi ń mọ ojú tuntun náà lára. Bí ọ̀rọ̀ ṣe ń ti ẹnu kan bọ́ sí òmíràn, “ó kéré tán” já bọ́ lọ́nà, ojú tuntun sì di gbogbo nǹkan téèyàn lè máa ṣe láyé.

Àwọn tó wá gbé e lé ìwọ̀n ni olùwádìí kan, Phillippa Lally, àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní University College London. Èèyàn 96 ni wọ́n tọpa fún ọ̀sẹ̀ 12, kálukú sì mú ohun kan ṣoṣo tí yóò máa ṣe lójoojúmọ́. Nínú iye ọjọ́ tí ohun náà fi mọ́ wọn lára, ọjọ́ 66 ló bọ́ sí àárín gbùngbùn. Ẹni tó yá jù lo ọjọ́ 18. Ti ẹni tó pẹ́ jù, ìṣirò fi hàn pé yóò tó ọjọ́ 254. Ohun tó rọrùn, bíi ká mu ife omi kan, tètè ń mọ́ni lára. Eré ìdárayá kì í yá bẹ́ẹ̀.

Ìdí rẹ̀ ni pé eré ìdárayá kì í ṣe ohun kan. Ẹ ó jí, ẹ ó wá aṣọ, ẹ ó wá bàtà, ẹ ó jáde, kí eré tó bẹ̀rẹ̀. Nítorí náà, ẹ fi eré sílẹ̀ ná, ẹ jẹ́ kó jẹ́ wíwọ bàtà ni yóò mọ́ yín lára. Ẹ to aṣọ àti bàtà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn lálẹ́, débi tí ẹsẹ̀ yín yóò kọ́kọ́ kàn án. Láàárọ̀, iṣẹ́ tí ẹ jẹ ara yín ni pé kí ẹ wọ bàtà, kí ẹ sì dé ẹnu ọ̀nà. Bí ẹ bá padà wọlé láti ibẹ̀, ẹ ti ṣe ti ọjọ́ náà. (Ẹ ó rí i pé ẹni tó ti wọ bàtà tán kì í sábà padà.)

Bí ẹ bá pa ọjọ́ kan jẹ ńkọ́? A kì í mọ̀ ọ́n rìn kí orí má mì. Ìwádìí yẹn kan náà rí i pé ọjọ́ kan téèyàn fò kò ba ohun tó ti ń mọ́ ọn lára jẹ́. Ẹjọ́ téèyàn ń dá fún ara rẹ̀ lẹ́yìn náà ló ń bà á jẹ́: “Ó ti bà jẹ́ tẹ́lẹ̀, ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.” Òfin kan ṣoṣo tí a ó fún yín ni pé kí ẹ má ṣe fo ọjọ́ méjì tó tẹ̀ lé ara wọn. Lọ́jọ́ kejì, ẹ ṣe é, ì báà jẹ́ ìṣẹ́jú kan.

Ìbéèrè: Mo kọ ọ́ sára ògiri pé “Màá máa kàwé lójoojúmọ́.” Mo ń rí i lójoojúmọ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n mi ò kàwé. Kí ló kù tí mo lè ṣe?

Ìdáhùn: Gbólóhùn yẹn ló jò. Kò sọ ìgbà, kò sọ ibi, kò sọ iye. Peter Gollwitzer, onímọ̀ nípa ìrònú àti ìwà ẹ̀dá láti Jámánì, ló ṣàlàyé irú èyí tó ń ṣiṣẹ́: “Bí èyí bá ti ṣẹlẹ̀, màá ṣe tọ̀hún.” Lọ́dún 2006, òun àti Paschal Sheeran kó ìwádìí 94 jọ lórí rẹ̀, wọ́n sì rí i pé ẹni tó bá so ìpinnu rẹ̀ mọ́ àmì pàtó ń mú un ṣẹ ju ẹni tó kàn ní in lọ́kàn lọ.

Ẹ tún tiyín kọ báyìí: “Bí mo bá ti fọ eyín tán lálẹ́, màá jókòó sétí ibùsùn, màá ka ojú ìwé 2.” Lẹ́yìn náà, ẹ yẹ àmì yẹn wò dáadáa, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń kùnà. “Lálẹ́” kì í ṣe àmì, alẹ́ gùn. “Bí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé” dára létí, ṣùgbọ́n ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ti rẹ̀, ẹrù wà lọ́wọ́ rẹ̀, àwọn ará ilé sì ń dúró dè é. Àmì tó dáa ni èyí tó ń ṣẹlẹ̀ lójoojúmọ́, tó ní ìparí tó hàn kedere, tí ọwọ́ sì dilẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Kí ohun èlò náà sì wà níbi tí àmì bá yín sí. Bí ìwé bá wà ní pálọ̀ tí ibùsùn wà ní yàrá, ẹ ti pàdánù rẹ̀ láàárín méjèèjì. Orí ìrọ̀rí ni kí ẹ gbé e sí láàárọ̀, kí ẹ má lè sùn láìgbé e kúrò.

Ojú ìwé 2 lè dà bí ohun ẹ̀rín. Ẹ má fi kún un fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Ẹ lè ka 20 lọ́jọ́ tó bá wù yín, ṣùgbọ́n 2 ni gbèsè yín. Ẹni tó sọ gbèsè di 20 ní ọ̀sẹ̀ kìíní torí pé ara rẹ̀ yá gágá ni kì í rí i san lọ́jọ́ tó bá rẹ̀ ẹ́. Ẹ má sì dá ohun mẹ́ta sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀kan ni.

Ìbéèrè: Fóònù ni ìṣòro tèmi. Màá ní ìṣẹ́jú márùn-ún péré, aago kan òru á kàn lù mọ́ mi lórí. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti yọ àwọn áàpù yẹn kúrò, tí mo tún dá wọn padà.

Ìdáhùn: Ẹ fi áàpù sílẹ̀, ẹ gbé fóònù kúrò. Ìgbà tí inú bá ń bí èèyàn sí ara rẹ̀ ló ń yọ áàpù. Ìṣẹ́jú kan ló sì fi ń dá a padà nígbà tí ìbínú náà bá rọ̀. Ohun tó ń pinnu ìwà lóru ni bí nǹkan náà ṣe jìnnà sọ́wọ́ tó.

Ẹ mú ṣájà jáde kúrò ní yàrá, kó máa gbé ibòmíràn pátápátá. Ẹ so ó mọ́ àmì: “Bí mo bá ti ti ilẹ̀kùn àbájáde, fóònù á lọ sórí ṣájà.” Àwáwí méjì ni yóò kọ́kọ́ dé. Èkíní, “Òun ló ń jí mi.” Ẹ ra aago kékeré tó ń dún, irú èyí tó ń lo bátìrì, èyí náà ni kò ní jẹ́ kí ẹ dìde lọ wo fóònù torí àtimọ aago tó lù. Èkejì, “Bí wọ́n bá pè mí fún ọ̀ràn pàjáwìrì ńkọ́?” Ọ̀pọ̀ fóònù lè pa gbogbo ìró rẹ̀ mọ́ àfi ti nọ́ńbà tí ẹ bá yàn. Ẹ yan mẹ́ta tàbí mẹ́rin, ẹ gbé ìró rẹ̀ sókè, ẹ ṣí ilẹ̀kùn yàrá díẹ̀. Ọwọ́ yóò máa wá a kiri lórí ibùsùn ní òru àkọ́kọ́, nítorí náà ẹ fi ìwé tàbí rédíò sípò rẹ̀. Àyè tó ṣófo ló ń pe fóònù padà.

Ní ọ̀sán, ẹ fi ìdènà kéékèèké sọ́nà. Ẹ jáde kúrò nínú àkáǹtì yín lẹ́yìn gbogbo ìgbà tí ẹ bá lò ó, kí ọ̀rọ̀ ìwọlé gùn, kí fóònù má sì tọ́jú rẹ̀ fún yín. Ó dà bí ohun tí kò tó nǹkan. Ṣùgbọ́n Wendy Wood, onímọ̀ nípa ìrònú àti ìwà ẹ̀dá, àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, tí wọ́n ní kí àwọn èèyàn máa kọ ohun tí wọ́n ń ṣe sílẹ̀ ní wákàtí-wákàtí, rí i lọ́dún 2002 pé nǹkan bí ìdá 43 nínú ọgọ́rùn-ún ohun tí wọ́n ń ṣe jẹ́ èyí tó ti mọ́ wọn lára, tí ọkàn wọn sì sábà ń wà níbòmíràn bí wọ́n ti ń ṣe é. Ọwọ́ ń ṣí fóònù kí ọkàn tó gbọ́. Ìdènà ogún ìṣẹ́jú àáyá tó láti pe ọkàn wálé, kí ẹ wá bi ara yín bóyá ẹ fẹ́ ẹ lóòótọ́. Nígbà míì, ẹ ó fẹ́ ẹ. Ìyẹn kò burú.

Ìbéèrè: Ọmọ mi, ọdún márùn-ún, kò lè dúró de ohunkóhun. Ṣé mo lè máa fi dùǹdú dídùn síwájú rẹ̀ kó kọ́ sùúrù?

Ìdáhùn: Ẹ má dán an wò. Àwọn onímọ̀ nípa ìrònú àti ìwà ẹ̀dá méjì, Walter Mischel àti Ebbe Ebbesen, ṣe irú rẹ̀ ní yunifásítì Stanford, ní Amẹ́ríkà, wọ́n sì gbé àbájáde rẹ̀ jáde lọ́dún 1970. Nígbà tí ìpápánu wà lójútáyé, nǹkan bí ìṣẹ́jú kan ni àwọn ọmọ fi lè dúró. Nígbà tí wọ́n gbé e kúrò níwájú wọn, ó ju ìṣẹ́jú 11 lọ. Ẹ bò ó, tàbí kí ẹ gbé e pamọ́, kí ẹ sì fún un ní ohun tí yóò máa fọwọ́ ṣe.

Ẹ sì tún wo ara yín. Ní yunifásítì Rochester, ní Amẹ́ríkà, wọ́n ṣe ìdánwò kan tí wọ́n tẹ̀ jáde lọ́dún 2013. Àwọn ọmọ tí àgbàlagbà kan ti kọ́kọ́ mú ìlérí ṣẹ fún dúró fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 12. Àwọn tí àgbàlagbà náà já kulẹ̀ kò dúró ju nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ. Nítorí náà, ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìṣẹ́jú méjì, ẹ yí aago síwájú rẹ̀ kó máa wò ó. Bí ó bá dún, ẹ fún un lójú ẹsẹ̀, kódà bí ẹ bá wà lórí ìpè.